Bísíkíìtì Oníwàrà Tí A Gbé Lọ Sínú Igbó

Kò sí búrẹ́dì tí wọ́n ń tà ní Òsí tí kò dùn jù fún ọkọ mi. Ìgbà tí dókítà ní Ìlọrin sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é ni mo tó mọ bí ṣúgà ti pọ̀ tó nínú oúnjẹ tí à ń rà jẹ. Búrẹ́dì ní ṣúgà, pọ́fùpọ́fù ní ṣúgà, ṣinṣín náà ní ṣúgà. Bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ ni, kò sì lè wà lóko láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìfi nǹkan kan sẹ́nu. Bí ebi bá pa á jù, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ojú rẹ̀ á sì ṣú. Nǹkan gbígbẹ tí kò dùn ló nílò, èyí tó lè wà nínú àpò oko fún ọjọ́ mélòó kan tí kò ní bàjẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ti mọ irú rẹ̀ ṣe kí àìsàn náà tó dé. Ilé ìwé ìjọ ni mo ti kàwé. Ní ọ̀sán Sátidé, ìyàwó àlùfáà wa máa ń kó àwa ọmọbìnrin jọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, a ó máa kọ́ aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bísíkíìtì tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n ń fi wàràkàṣì àti ewé olóòórùn ṣe nílùú òyìnbó. Wàràkàṣì yìí, a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ àfi nígbà tí wọ́n bá ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ. Ìyàwó àlùfáà kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sí ọjà ló ń lò, èfínrín ẹ̀yìnkùlé ló sì fi rọ́pò ewé òyìnbó.

Bí mo ṣe ń ṣe é títí dòní ni pé mo máa ń fi aṣọ funfun di wàrà náà, màá gbé ọmọ ọlọ lé e kí omi inú rẹ̀ lè ro tán. Màá po fúláwà mọ́ èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, màá fi bọ́tà rún un títí yóò fi dà bí iyanrìn, kí n tó fọ́ wàrà sí i, kí n sì rẹ́ èfínrín wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ẹnu ife ni mo fi ń gé e. N kò ní ẹ̀rọ ìyan búrẹ́dì. Ìkòkò irin ńlá ni mo fi ń yan án, tí mo da iyanrìn sí nísàlẹ̀, tí mo gbé páànù lé, tí mo sì kó ẹ̀yinná sórí ọmọrí rẹ̀. Iyọ̀ nìkan ló ṣòro níbẹ̀. Àwọn oníwàrà mìíràn máa ń fi iyọ̀ sè é, àwọn mìíràn kì í fi sí i, a kò sì lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí a tó gé e.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ Lẹ́ńtì àti ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sínú ara wọn. Ìlú dákẹ́. Àwa ọmọ ìjọ ń gba tiwa, àwọn Mùsùlùmí ń gba tiwọn, ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì mú. Aládùúgbò wa tó ń gun ọ̀kadà ló máa ń gbé ọkọ mi lọ sí oko wa ní ọ̀nà Ìdòfin. Mùsùlùmí ni, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwàdà tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí i lọ́mọ. Ilé wa fara kan ara wọn. Bí mo bá dá iná sílé mi, èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá tiwọn ni.

Wọ́n jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò padà. Àwọn ọdẹ rí ọ̀kadà náà nínú koríko, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti tutù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àgbà ní ká dúpẹ́ fún ìyẹn, mo sì dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dún. Àwọn tó jí wọn gbé ló ń pè. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dárúkọ owó tí wọ́n fẹ́, èyí tí gbogbo ẹbí sá sókè sá sódò kí a tó rí, wọ́n ní kí a di oúnjẹ mọ́ ọn: búrẹ́dì, mọ́ọ̀tì, adìyẹ díndín, omi inú ọ̀rá. Wọ́n wá gbé fóònù sí ọkọ mi létí.

"Ìyá wọn."

"Mò ń gbọ́."

"Gàrí oníṣúgà ni wọ́n ń fún wa. Mo mu ún lánàá, ojú mi ṣú. Mi ò mu ún lónìí."

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tó ń bẹ̀rù ìbọn. Ohùn ẹni tí ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n ni, mo mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ ohun tí wọ́n fún un, ṣúgà á pa á. Bí kò bá jẹ ẹ́, ebi á pa á. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó dúró dè mí, pé mo ní láti yan bísíkíìtì fún un kí a tó di ẹrù náà, kí n sì kó oògùn rẹ̀ sí i láàárín.

"Ó dára," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n wàrà dà?"

"Màá lọ sí gáà."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. "Gáà? Lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní? Ìyàwó, ṣé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé e lọ lo ti fẹ́ ra ohun tó máa jẹ?"

"Ìyá oníwàrà tí mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kò jí ẹnikẹ́ni gbé, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin náà ń jẹ wàrà rẹ̀."

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìjínigbé ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè wa ni àwọn ọ̀dọ́ ti sọ pé kí obìnrin Fúlàní kankan má gbé igbá wàrà wọ ìlú mọ́. Ọlọ́kadà tí mo bẹ̀ já mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní òun kò ní wọlé débẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin èyí tó kù.

Wọ́n ti ń di ẹrù nígbà tí mo dé gáà. Wọ́n ti tú òrùlé àwọn ahéré kan, ewúrẹ́ wà lórí okùn, àwọn ọkùnrin kò kí mi. Ìyá oníwàrà nìkan ló dìde.

"Màmá, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá. A ti ń lọ."

"Ibo lẹ ń lọ?"

"A ò mọ̀. Àwọn ọmọ ìlú yín ní àwa la jí wọn. Agbo màlúù wa kan, ta ló jí i lọ? Àwọn yẹn kan náà ni." Ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀. "Bàbá tó máa ń jẹ́ kí màlúù wa jẹ pòròpórò àgbàdo lóko rẹ̀, òun ni wọ́n ní àwa jí."

Mo sọ ohun tí mo wá ṣe fún un. Ìkòkò kan ṣoṣo ló kù lórí ààrò. Wàrà tí wọ́n fẹ́ jẹ lọ́nà ni. Ó kó ìdajì rẹ̀ fún mi sínú ewé, ó kọ owó tí mo nà sí i. Ó ní kí Ọlọ́run dá a padà. Èmi náà ní kí Ọlọ́run bá wọn lọ. N kò tíì rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo padà délé, ìyàwó aládùúgbò wa ti dá iná, ó ti gún èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ti kù ú. Ojú rẹ̀ wú. Kò tíì yan bísíkíìtì rí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dá nìkan jókòó sílé, ọkọ tirẹ̀ náà ló sì máa jẹ níbẹ̀. Kò sí àyè láti fi wàrà sábẹ́ ọmọ ọlọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọwọ́ ni a fi fún omi rẹ̀ jáde, àwa méjèèjì, tí a di aṣọ náà mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí ẹni tó ń fún bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí a pò ó tán, ó ní, "Màmá, ẹ tọ́ ọ wò."

"Inú ààwẹ̀ ni mo wà." Ìjọ wa ti kéde ààwẹ̀ gbígbẹ nítorí àwọn tí wọ́n jí gbé, kò sí oúnjẹ kò sí omi títí di ìrọ̀lẹ́. "Ìwọ tọ́ ọ wò."

"Èmi? Mi ò gbé itọ́ pàápàá mì láti àárọ̀."

"Ìwọ kàn fi kan ahọ́n, kí o tutọ́ rẹ̀ dànù."

"Kí n wá ba ààwẹ̀ mi jẹ́ lórí fúláwà? Ọkọ mi á bọ̀, á ní mo jẹun nígbà tí òun wà nínú igbó. Ẹ jẹ́ ká pe ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé yẹn kó wá tọ́ ọ wò."

A rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì kò tọ́ ọ wò. Lójú mi, bí mo bá fi nǹkan kan kan ahọ́n mi lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé mo já okùn tí ọkọ mi dì mú ni. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí lójú tirẹ̀ náà. Mo ṣe àmì àgbélébùú sí ojú ìyẹ̀fun náà bí ìyàwó àlùfáà ti kọ́ mi, òun náà sọ Bìsìmíláì lé e lórí, a bẹ̀rẹ̀ sí gé e.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lójú ọ̀nà tó ń fọn fèrè ọ̀kadà rẹ̀. Wọ́n ti dá àkókò fún un. A kó bísíkíìtì náà sínú ọ̀rá bó ṣe gbóná, a fi oògùn sí i, a kó o mọ́ búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì, ó sì gbé e lọ pẹ̀lú owó náà.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí wọ́n pe ìrun, ìyàwó aládùúgbò wa gbé omi wá, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Bísíkíìtì tó fọ́ kù díẹ̀ nínú páànù. Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ dúró.

"Màmá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ti fi iyọ̀ sí i kẹ́ ẹ tó lọ bu ẹ̀yinná?"

"Mo ti fi sí i."

Ó gbé ọwọ́ lé orí. "Mo rí ìgò iyọ̀ ní ṣíṣí. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni. Èmi náà fi sí i."

Mo tọ́ ọ wò. Wàrà náà fúnra rẹ̀ ti ní iyọ̀. Wọ́n ti fi sè é kó lè bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ìlọ́po mẹ́ta iyọ̀ ló wà nínú nǹkan tí a fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹlòmíràn ń wọn omi fún. Ó ta ahọ́n mi bí ata. A jókòó síbẹ̀, a kò jẹun mọ́. Ó ń wí pé, "Omi wo ni wọ́n máa mu sí i? Omi wo?" Mo gbìyànjú láti gbàdúrà, mo kàn ń sọ pé Olúwa, Olúwa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi padà dé, ó ní òun gbé owó àti ẹrù sí ibi tí wọ́n júwe, òun kò rí ẹnikẹ́ni. A retí wọn lọ́jọ́ kejì. A retí wọn lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin ìjọ ń wá sílé mi láti gbàdúrà, àwọn obìnrin mọ́sálásí ń wá sí ilé kejì. Fóònù kò dún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kórìíra ìró ọ̀kadà, nítorí gbogbo èyí tó bá ń bọ̀ ni mo ń rò pé ó ń gbé ìròyìn burúkú bọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà rí ọkọ mi ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó jókòó, kò lè dìde mọ́. Òun nìkan ni.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú, ó sì ti dúdú. Ó tẹ kùkùté nígbà tí wọ́n ń lé wọn rìn láìsí bàtà, ẹgbò alátọ̀gbẹ kì í sì í jinná bọ̀rọ̀. Ní ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ó ní, "Ìyá wọn, ẹsẹ̀ nìkan ni." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ló ti ròyìn fún mi. Ó ní àwọn ajínigbé náà tú ẹrù, wọ́n jẹ adìyẹ, wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n mu mọ́ọ̀tì tán lójú wọn. Ọ̀kan nínú wọn bu bísíkíìtì jẹ, ó tu ú dànù, ó búra. Ó béèrè bóyá a fẹ́ pa àwọn ni. Ó ta ọ̀rá náà nípàá sí wọn. "Ẹ jẹ iyọ̀ yín!" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe kù sí wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú oògùn nínú rẹ̀. Wọ́n ń fọ́ ọ ní kékeré kékeré, wọ́n ń mu omi odò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ sí i. Òǹgbẹ gbẹ wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ojú rẹ̀ kò sì ṣú mọ́.

Ohun tí mo sunkún lé lórí ni Ọlọ́run fi bọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹnì kejì, aládùúgbò wa, jẹ nínú rẹ̀ náà. Wọ́n ti fi ìdí ìbọn gbá a láyà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé kò tètè fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lé wọn lọ́wọ́. Ó ń wúkọ́, kò lè mí dáadáa. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì lé ọkọ mi dìde pé kí ó máa rìn. Ewé díẹ̀ ló rí já bò ó lójú. Àwọn ọdẹ wá a títí, wọn kò rí i. Àwọn ará mọ́sálásí kírun sí i lára láìsí òkú níwájú wọn.

Nígbà tí a délé láti Ìlọrin, àwọn ọmọ ìjọ ti ń sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Wọ́n ní kété tí Àjíǹde bá ti kọjá, kí a jáde pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Ọkọ mi ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀pá méjì rìn, ibi àkọ́kọ́ tó fẹ́ rìn dé ni ilé kejì, ibẹ̀ náà ló sì ń bà á lẹ́rù jù.

Ìyàwó olóògbé náà ń ṣe opó lọ́wọ́, kì í jáde. Ìyá rẹ̀ ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé àga fún ọkọ mi. Fún ìgbà pípẹ́ a kàn ń kí ara wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú ewu. Obìnrin náà wá ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Kí ló jẹ kẹ́yìn?"

Ọkọ mi wò mí. "Bísíkíìtì yẹn ni."

"Pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ yẹn?"

"Pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ yẹn." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, nínú àwa méjèèjì, òun ló kọ́kọ́ bù ú jẹ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú àyà tó ń dùn ún. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi wà nínú èyí. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Òsí tó ń fọ́n iyọ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń wá wa.' Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti fẹ́ jẹ ẹ́, á ní kí n jẹ́ ká jẹ lára iyọ̀ ìyàwó òun."

Obìnrin náà pariwo. "Irọ́ ni! Màmá ló kọ́kọ́ fi sí i! Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin ni, Màmá!"

"Èmi ni," ni mo wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ fi sí i."

"Ẹ gbọ́! Ó kú, ó ṣì ń bú mi nítorí iyọ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lu itan rẹ̀, ìyá rẹ̀ dì í mú léjìká. Ẹ̀rín náà kò dúró, ó yí padà sí ẹkún, a sì jókòó tì í títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kí a tó dìde, ó nu ojú rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ ṣe ìdúpẹ́."

"A kò tíì mọ̀," ni ọkọ mi wí.

"Ẹ lọ ṣe é. Ọlọ́run ló dá yín padà. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ, pé kí Ó má ṣe dá yín padà?" Ó tún aṣọ orí rẹ̀ wé. "Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọn fèrè kọjá níwájú ilé mi. Mi ò tíì lè gbà á."

A ṣe ìdúpẹ́ náà lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé Àjíǹde. A bẹ àlùfáà pé a kò fẹ́ ìlù, a kò fẹ́ fèrè, ó sì gbà. Àwa méjèèjì nìkan la rìn lọ síwájú pẹpẹ. Kò sí ohun tí ìjọ gbọ́ ju ọ̀pá ọkọ mi lórí sìmẹ́ńtì. Ọ̀nà rẹ̀ jìn ju bí mo ti rò lọ. Nígbà tí a kúnlẹ̀, èmi tí mo kúnlẹ̀ àti òun tó tẹrí ba lórí ìdúró, mo dúpẹ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, n kò sì fi irọ́ kankan kún un. Lẹ́yìn náà mo dárúkọ aládùúgbò wa níwájú Ọlọ́run, mo sì bi Í léèrè ìdí tí kò fi dá òun náà padà. Kò tíì dá mi lóhùn. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni a gbà délé.